Asà Apá Òsì

Èmi kì í tètè gba èèyàn gbọ́. Bí ẹ bá kí mi ní ẹ káàárọ̀, tí ẹ wá rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ, ara á ti máa fu mí, màá ti máa bi ara mi pé kí lẹni yìí ń wá. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó má bínú. Ní Òkè Baálẹ̀ níbí, nínú ìsọ̀ tí mo ti ń ta ọ̀dà àti oríṣiríṣi nǹkan táwọn jórinjórin ń lò, kò sí oníbàárà tí kò mọ̀ pé Ìyá Salmah á kọ́kọ́ wò ó láti òkè délẹ̀ kó tó dá a lóhùn.

Àbúrò mi Mùyídéènì kò jọ mí rárá. Ìyá kan náà ló bí wa, bàbá kan náà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí wa pọ̀, ẹ ò ní gbà bẹ́ẹ̀. Jórinjórin ni Mùyí. Ìsọ̀ rẹ̀ fara kan tèmi, èéfín iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ògiri mi di dúdú. Géètì ni o, fèrèsé onírin ni o, ibi tí wọ́n ń gbé táǹkì omi lé ni o, bí ẹ bá ti lè ṣàlàyé rẹ̀ fún un, á ṣe é. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Nígbà tá a wà nílé kéú, gbogbo ọmọ tó bá ní kó bá òun fọ wàláà, Mùyí á fọ̀ ọ́, títí kan àwọn tí kò tó o. Ó dàgbà, kò yí padà. Ẹni tó bá já wọlé pé ọ̀la lòun fẹ́ gba géètì òun, Mùyí á ní kò burú, á fi oúnjẹ ọ̀sán sílẹ̀ tìtorí ẹ̀. Mo máa ń bú u dáadáa. Á ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú," á tún padà sẹ́nu iṣẹ́.

Julianah ìyàwó rẹ̀, ọmọ Iléṣà ni. Tíṣà ni. Nígbà tí wọ́n gbé e wá sí Òṣogbo, yàrá kan ló gbà ní Ìgbọ̀nà, onílé wá ní kí Mùyí wá ṣe ilẹ̀kùn onírin síbẹ̀. Ilẹ̀kùn parí, ẹni tó ṣe ilẹ̀kùn ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n, mùsùlùmí làwa, wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tán nílẹ̀. Ohun tí kò tán nílẹ̀ ni ìyá rẹ̀.

Màmá Iléṣà la máa ń pè é. Ó ti lọ sinmi lọ́dún tó kọjá, ìyẹn gan-an ni mo ṣe lè la ẹnu sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Obìnrin tó ta aṣọ títí tó fi kọ́lé ni, ẹni tó máa rẹ́ ẹ jẹ ò tíì délé ayé. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá kí wa, mo gbé ọbẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń fi ṣíbí wá ìsàlẹ̀ abọ́ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ojú yẹn náà ló fi ń wo àbúrò mi. Mùyí ní tirẹ̀, bó bá ti rí i, ì báà jẹ́ orí ọ́ìlì dúdú ló dúró sí, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàbọ̀, Mà." "Ẹ̀ẹ́n, Mà." Kò mọ ọ̀rọ̀ míì níwájú àna rẹ̀. Bàbá wa ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, pé ohun tí ìyá ìyàwó ẹni bá ní kéèyàn ṣe, ṣíṣe ni.

Ọmọbìnrin pọ̀ nílé Màmá. Ọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, òun ló bí gbẹ̀yìn, Olúwajùwọ́nlọ, tí gbogbo wa ń pè ní Jùwọ́n. Ẹ̀mí Màmá wà lára ọmọ yẹn débi pé bó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, Màmá á ti gbé omi kaná. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, kí n má parọ́. Bó bá wá sí Òṣogbo, ìsọ̀ mi ló máa jókòó sí, á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá Salmah, ẹni tó jáde lọ báyìí ńkọ́? Olè ni àbí ajínigbé?" Màá ní kó kúrò níwájú mi, màá tún ra mínírà fún un.

Dírẹ́bà ni Jùwọ́n. Nígbà táwọn ajínigbé ò jẹ́ kí ọ̀nà Ikeji-Arakeji ṣeé rìn mọ́, tí wọ́n ń gbé àgbẹ̀ lóko, tí wọ́n ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọkọ̀, àwọn ọmọ ìlú kan lágbègbè ibẹ̀ dáwó jọ, wọ́n ra píkọ́ọ̀pù fún àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń bá ọlọ́pàá ṣọ́ ọ̀nà. Jùwọ́n ni wọ́n fi ṣe dírẹ́bà rẹ̀. Màmá sunkún, ó gbààwẹ̀, ó ní ọmọ òun ò lọ. Jùwọ́n ní òun á lọ. Ọ̀gá wọn ni Barnabas, sójà tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló sọ pé ọkọ̀ náà ò lè máa lọ bẹ́ẹ̀ lásán, pé bí wọ́n bá dá ìbọn bò wọ́n lójú ọ̀nà, kò síbi tí èèyàn á sá sí, torí ara ọkọ̀ ò lè dá ọta ìbọn dúró. Ó ní nígbà tóun wà lẹ́nu iṣẹ́, òun rí irú asà irin kan tí wọ́n máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Bí kò bá sí wàhálà, á lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ jẹ́ẹ́. Bí ìjà bá dé, wọ́n á fa ìkọ́ rẹ̀, asà á ṣí síta bí ilẹ̀kùn, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ á bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ó ń wá ẹni tó lè ṣe é. Jùwọ́n ní, "Ọ̀gá, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi l'Óṣogbo á ṣe é."

Bí iṣẹ́ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Mo sọ fún Mùyí lọ́jọ́ náà gan-an pé iṣẹ́ tó bá ti kan ẹ̀mí ọmọ àna, kó jìnnà sí i. Mo ní obìnrin yẹn ò gbà ọ́ gbọ́ lórí ọbẹ̀, ṣé lórí ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ ló máa wá gbà ọ́ gbọ́?

Ó ní, "Àǹtí mi, bí mi ò bá ṣe é, ta ló máa fara balẹ̀ ṣe é fún un?"

Ó fara balẹ̀ ṣe é lóòótọ́, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí. Ó wá irin kiri títí, ó wá rí ilẹ̀kùn báǹkì kan tí wọ́n ti tì pa lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin kóńdẹ̀mù, irú ilẹ̀kùn tí ìbọn ò ràn. Kò nípọn. Èmi gan-an, nígbà tí mo rí i, mo ní wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó gé díẹ̀ lára rẹ̀, òun àti Ọ̀gá Barnabas gbé e lọ sẹ́yìn ìlú, ọlọ́pàá kan fi ìbọn iṣẹ́ rẹ̀ yìn ín. Ọta náà tẹ irin wọnú díẹ̀, kò lù ú já. Mùyí gbé e wálé tayọ̀tayọ̀, ó fi kọ́ ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i. Ìgbà yẹn lọkàn mi balẹ̀, ọkàn mi kì í sì í tètè balẹ̀.

Ó ṣe asà méjì, ọ̀kan fún apá ọ̀tún ọkọ̀, ọ̀kan fún apá òsì. Ó dára lójú. Bí ẹ bá ti fa ìkọ́ rẹ̀ báyìí, á ṣí wẹ́rẹ́, á fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí fi ọwọ́ kan ṣí i. Ó ku kí wọ́n kùn ún kí wọ́n wá gbé ọkọ̀ lọ, ni Màmá bá dé.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń bọ̀. Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Julianah. Ó bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀, ó kọjá lára mi, ó lọ tààrà síbi tí ọkọ̀ náà wà, ó fi ìka kan asà, kó, kó, kó.

"Èyí náà nìyí?" ó bi Mùyí tó ti nà sílẹ̀.

"Ẹ̀ẹ́n, Mà. Ẹ káàbọ̀, Mà."

"Irin tó fẹ́lẹ́ báyìí? Agbada tí mo fi ń dín àkàrà nílé nípọn jù ú lọ."

Mùyí nawọ́ sí irin tó fi kọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó rọra ní ọlọ́pàá ló yìnbọn lù ú, pé ọta ò wọ̀ ọ́. Màmá sún mọ́ ọn, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú ibi tó tẹ̀ wọnú.

"Òòlù ni wọ́n fi lu èyí," ló wí.

Kò tíì dákẹ́ tí mo ti bọ́ síta. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ o! Àbúrò mi kì í ṣe onírọ́."

Ó yíjú sí mi. "Ìyá Salmah, ṣé ìwọ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n yìn ín?"

Mi ò sí níbẹ̀. Mo ní mi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ àbúrò mi.

"Èmi náà mọ ọmọ mi," ló fi dá mi lóhùn. "Ẹ̀yin ará Òṣogbo yìí, ẹnu yín dùn. Ara ń fu mí sí irin yìí, mo sì ti sọ ọ́." Ó wọkọ̀, ó lọ. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. Mùyí dìde, ó gbọn ilẹ̀ nù lára, ó ní kí n má ka ọ̀rọ̀ àgbà sí.

Kò pẹ́ tí Màmá tún fi padà wá, nínú takisí tí búùtù rẹ̀ ò lè pa dé. "Urin rèé!" ló ń pariwo bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀, torí bí ara rẹ̀ bá ti gbóná, Ìjẹ̀ṣà ló máa ń sọ. "Irin tí wọ́n ń pè ní irin rèé!" Ara katapílà àtijọ́ ni wọ́n ti gé e. Ọ̀dọ̀ Ògúnlẹ́yẹ, jórinjórin kan ní Iléṣà, ló ti gbé e wá. Mùyí àti onítakisí jọ gbé e sọ̀ kalẹ̀, àwọn méjèèjì ń mí hẹlẹ. Màmá ní kí Mùyí jó o mọ́ asà apá òsì, torí apá òsì ni dírẹ́bà máa ń wà.

Mo ní, "Apá ọ̀tún ńkọ́, Màmá? Ṣé àwọn tó máa wà lápá ibẹ̀ kì í ṣe ọmọ èèyàn ni?"

"Àwọn yẹn náà ní ìyá tiwọn," ló wí.

Ara tún wá fu èmi náà. Mo ti gbọ́ pé Ògúnlẹ́yẹ yìí fẹ́ gba iṣẹ́ asà náà tẹ́lẹ̀, pé kò dùn mọ́ ọn nínú bí wọ́n ṣe gbé e wá sí Òṣogbo. Mo rò ó pé àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé wọ́n fẹ́ ba iṣẹ́ àbúrò mi jẹ́ ni. Bí Màmá ṣe lọ tán, mo fa Mùyí wọ ìsọ̀ mi, mo ti ilẹ̀kùn.

"Ṣé wàá ṣe é?"

Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Á wúwo jù, Àǹtí mi. Hínjì ò ní gbé e dáadáa. Bó bá ti fì sílẹ̀ díẹ̀, á há."

"O ṣáà mọ̀. Ó dáa. Pè é lórí fóònù, kí o sọ bẹ́ẹ̀ fún un."

"Àna mi ni."

"Àna rẹ ni, ṣé òun ló kọ́ ọ níṣẹ́ ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ó ti wà lọ́kàn rẹ̀ pé irin tí kò dáa ni mo fẹ́ fi ṣọ́ ọmọ òun. Bí mo bá tún ní mi ò gba irin tó gbé wá, kí ló máa rò? Bí nǹkan kan bá wá ṣe Jùwọ́n, títí ayé ló máa máa sọ pé mo kọ irin òun."

Mo ní kó jẹ́ kí èmi pè é. Èmi kì í ṣe àna rẹ̀, mi ò sì bẹ̀rù rẹ̀. Mùyí di ọwọ́ mi mú, ó ń bẹ̀ mí. Ó ní òun á fi hínjì tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i, òun á wá sípíríǹgì tó máa tì í síta, pé ó máa ṣí. Mo pòṣé. Mo ní kó máa ṣe bó ṣe fẹ́, ẹnu mi ti bó.

Ó jó irin Màmá mọ́ asà apá òsì. Ó pààrọ̀ hínjì. Nígbà tó dán an wò, ìkọ́ tí èmi fi ọwọ́ kan fà tẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó tún fi orúnkún tì í kó tó ṣí. Ó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn pé kí wọ́n bá òun wá sípíríǹgì ọkọ̀ ńlá kan. Kí ìyẹn tó dé, àwọn ajínigbé tún gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ lójú ọ̀nà, ìlú dàrú, Ọ̀gá Barnabas ní kí Jùwọ́n lọ gbé ọkọ̀ náà wá kíá. Jùwọ́n dé, Màmá tẹ̀ lé e. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí irin rẹ̀.

"Jùwọ́n, fún mi láyè díẹ̀ sí i," Mùyí ní. "Ó ku ohun tí mo fẹ́ ṣe sí i."

"Bọ̀dá, wọ́n ń retí wa."

Màmá ti dá sí i. "Ṣé o ti jó irin mi mọ́ ọn?"

"Ẹ̀ẹ́n, Mà."

"Kí ló wá kù?"

Mùyí wo asà náà. Ó wò mí. Ó wo Màmá. Ohun tó kù ò ju kó sọ pé, Mà, irin yín ló wúwo jù. Mò ń wo ẹnu rẹ̀. Mò ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kó la ẹnu náà fún un.

"Kò sí, Mà," ló wí.

Mo kàn rí i tó fa Jùwọ́n sápá kan. Ó ń fi hàn án bó ṣe máa fi èjìká ti asà náà bí kò bá tètè ṣí. Jùwọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ẹ fọkàn balẹ̀, màá gbá a nípàá." Ó juwọ́ sí mi láti inú ọkọ̀, ó ní kí n máa ṣọ́ àwọn olè mi dáadáa, ó sì wa ọkọ̀ lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ni. Àwọn ọkùnrin ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Mo rí Julianah tó ń sáré bọ̀ láìwọ bàtà, orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Mùyí wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà. Yéè, Jùwọ́n! Ọmọ tí kì í já mi sílẹ̀ láìpa mí lẹ́rìn-ín.

Bí Ọ̀gá Barnabas ṣe ròyìn rẹ̀ nìyí. Wọ́n bá igi tí wọ́n gbé dábùú ọ̀nà. Bí ọkọ̀ ṣe dúró, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú igbó. Àwọn tó wà lápá ọ̀tún fa ìkọ́ tiwọn, asà ṣí wẹ́rẹ́, wọ́n bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ajínigbé yìn ín, wọ́n yìn ín, ọta ò wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó fara gbọgbẹ́ níbẹ̀. Apá òsì ṣí díẹ̀, ó há. Jùwọ́n fi èjìká tì í. Wọ́n ń pariwo pè é pé kó fà gba apá ọ̀tún wá. Kò wá. Ó ń tì í, ó dà bíi pé ó rò pé ó ti fẹ́ ṣí. Ibẹ̀ lọta ti bà á, kò sì dé ilé ìwòsàn.

Ẹnì kan náà ló ṣe asà méjèèjì, ọ̀kan ṣí, ọ̀kan ò ṣí. Ṣé ẹ rò pé àwọn èèyàn á gbé ìyẹn mì ni? Àwọn kan ní Mùyí fi irin játijàti jẹun. Àwọn míì ní tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé àwọn ajínigbé ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ kó ti apá dírẹ́bà pa. Aúsù bìláì! Àbúrò mi tí kò lè pa eku. Ọlọ́pàá wá mú un nínú ìsọ̀ rẹ̀. Wọ́n bi í pé ta ló ní kó fi irin kún apá òsì. Mo ti ń la ẹnu. Ó yíjú wò mí, ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ náà, kò fi irú rẹ̀ wò mí rí láyé. Mo pa ẹnu dé.

"Èmi ni," ó sọ fún wọn. "Mo fẹ́ kó nípọn níbi tí dírẹ́bà máa wà. Àṣìṣe mi ni."

Mo gbé oúnjẹ lọ bá a lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Mo ní, "Mùyí, ṣé orí rẹ pé? Wọ́n ń pè ọ́ ní ajínigbé. Sọ fún wọn pé Màmá ló gbé irin wá!"

Ó wo oúnjẹ náà, kò fọwọ́ kàn án. "Ọmọ rẹ̀ ló kú, Àǹtí mi. Ṣé kí n tún lọ sọ fún un pé òun ló pa á?"

Mo gbé abọ́ mi, mo padà sílé. Wọ́n tú u sílẹ̀ nígbà tí wọn ò rí ẹ̀sùn kankan dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ìsọ̀ rẹ̀ dá páropáro. Àwọn tó ti ní kó ṣe géètì fún àwọn wá ní àwọn ò ṣe mọ́. Bó bá ń kọjá, wọ́n á rẹ ohùn wọn sílẹ̀. Julianah gbé Ikhlas ọmọ wọn dání, ó lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ ní Iléṣà. Ó ní òun máa padà. Wàlláhì, mi ò gbà á gbọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń sọ ọ́ fún un pé kó má padà sílé ẹni tó pa àbúrò àwọn.

Ìgbà tó yá, Julianah pè mí. Ó ń sunkún lórí fóònù. "Àǹtí mi, ẹ gbà mí. Màmá ò jẹun mọ́. Omi nìkan ló ń mu. Dókítà ní bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, á kú. Ẹ̀yin ló ní òun fẹ́ rí."

"Èmi kẹ̀? Kí ni Màmá ń fi mí ṣe?"

"Ó ní ohun kan wà tóun fẹ́ bèèrè. Ó ní gbogbo wa la máa parọ́ fún òun, pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò fẹ́ràn òun tó láti parọ́ fún òun."

Kí n má tàn yín, inú mi dùn. Mo ní Ọlọ́run ti fi í lé mi lọ́wọ́ wàyí. Mi ò sọ fún Mùyí. Mo wọkọ̀ Iléṣà, mò ń to ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu lójú ọ̀nà. Màá sọ fún un pé irin rẹ̀ ni. Màá sọ fún un pé ẹni tó ń fura sí ló ń fi orúkọ ara rẹ̀ bo àṣírí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Á fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, gbogbo Iléṣà á gbọ́, àbúrò mi á bọ́.

Mo bá a lórí ibùsùn. Màmá tó ń fi ìka kan irin! Ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, aṣọ ọrùn rẹ̀ ti tóbi jù ú lọ. Julianah gbé abọ́ ẹ̀kọ mímu tó ti tutù dání, ó ní òun ń bẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀. Màmá ní kó gbé e jáde, kó sì pa ilẹ̀kùn dé.

"Ìyá Salmah."

"Mà."

"Ìwọ wà níbẹ̀. Wọ́n ní apá òsì ló wúwo tí kò fi ṣí. Èmi ni mo gbé irin wá sápá òsì." Ó sinmi, ó ń wá èémí. "Mo bi ọkọ Julianah, ó ní irin mi kọ́. Ojú mi ò gbà á. Àna mi ni, kò lè sọ ọ́ fún mi. Ìwọ lè sọ ọ́. Ṣé irin mi ni? Ṣé èmi ni mo pa Jùwọ́n?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò jọ láti Òṣogbo ti pé sẹ́nu mi. Ó ń wò mí. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù, kò sì ju ti ọmọdé lọ. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní dìde níbẹ̀ mọ́. Mo tún mọ̀ pé bí mo bá kàn ní rárá lásán, kò ní gbà mí gbọ́, torí bí èmi ò ṣe ń gbani gbọ́ náà ni òun ò ṣe ń gbani gbọ́. Mo kúnlẹ̀.

"Irin yín kọ́, Mà. Irin yín ò ṣe nǹkan kan. Hínjì ni. Ọ̀dọ̀ mi ni Mùyí ti rà á. Àlòkù ni, ó ti jẹ nínú. Mo mọ̀, mo fi ọ̀dà kùn ún, mo tà á bí ẹni ta tuntun. Mi ò sọ fún un. Títí dòní, kò mọ̀."

Màmá tẹjú mọ́ mi.

"Àlòkù," ló wí.

"Ẹ̀ẹ́n, Mà."

Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. Ó fi ìgúnpá ti ara rẹ̀ dìde jókòó, ohun tí Julianah ní kò ṣe láti ìgbà tó ti dùbúlẹ̀. "Mo mọ̀!" Ohùn rẹ̀ ti ń padà bọ̀. "Mo mọ̀ ọ́n! Ara ò yé fu mí sí ọ rí! Ìwọ obìnrin yìí, o wo ojú ọmọ mi tó ń bá ọ ṣeré, o ta ikú fún un!" Ó gbé mi ṣépè. Ó gbé ìsọ̀ mi ṣépè. Ó ní ohun tí mo jẹ lórí Jùwọ́n, mi ò ní rí i gbé mì. Ó ní kí Mùyí máa wá sọ́dọ̀ òun, pé wọ́n ti parọ́ mọ́ ọmọlọ́mọ, pé ṣùgbọ́n èmi, òun ò fẹ́ fojú kàn mí mọ́ láé. Julianah ti ṣí ilẹ̀kùn, ó dúró síbẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Kò sẹ́ni tó tíì bú mi rí ní Òkè Baálẹ̀ kó lọ láìgba èsì. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo dorí kodò, mi ò fèsì kankan. Nígbà tó wá rẹ Màmá, ó nu ẹnu rẹ̀, ó ní kí Julianah lọ gbé ẹ̀kọ yẹn kaná, kó bu ṣúgà sí i.